Èrò Ẹ̀yìn

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ ní Batavia.
Yìnyín ti bo pápá, ó ti bo ọ̀nà tó lọ sí Aurora,
àwọn ẹfọ̀n fẹ̀yìn ti ara wọn lẹ́yìn wáyà,
èéfín ń jáde nímú wọn bíi ti ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé,
pírótọ̀nù àti òdì rẹ̀ ń sáré pàdé ara wọn
nínú òrùka irin tó tó máìlì mẹ́rin yípo.
Wọ́n kọlura. Wọ́n tú ká.
Èmi àti Wojtas la wà nídìí kọ̀ǹpútà,
kọfí tirẹ̀ ti tutù, tèmi ti tán.

Kì í ṣe àwọn asáré là ń wá.
Àwọn asáré pọ̀ bí eṣú,
kí o tó pajú pẹ́ẹ́ wọ́n ti la irin já sí òdì kejì,
ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè sọ pé òun yá jù wọ́n lọ.
Ẹyọ kan là ń wá,
wóró tó wúwo, tó gbé iná sára, tí kì í tètè kú,
tí yóò gba inú gbogbo ẹ̀rọ wa kọjá láì fọ́,
ṣùgbọ́n tí yóò pẹ́ kó tó dé.
Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó? Wojtas ní kí n má rẹ́rìn-ín:
pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù,
mú mẹ́ta péré níbẹ̀.
Ìyẹn là ń torí rẹ̀ ṣàìsùn.

Mo mọ ẹnì kan tó máa ń pẹ́ bẹ́ẹ̀.
Bàbá mi, alábàárù níbi ìsọ̀ kòkó ní Ìlá,
àpò kan lórí, nígbà míì méjì.
Bàbá gbogbo ilé á ti dé, àtùpà á ti tàn,
ìyá mi á ní, "Ẹ bu tiyín jẹ, èrò ẹ̀yìn ń bọ̀."
Bí òjò bá ti rọ̀, n kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti kọjá:
ẹsẹ̀ àwọn yòókù á hàn fẹ́rẹ́ lórí ẹrẹ̀,
tirẹ̀ á jìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ á di kòtò,
omi á dúró sínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wóró yìí, bó bá wà.
Bó ṣe ń falẹ̀ tó ni yóò ṣe máa tẹ sílíkọ́nì mọ́lẹ̀ tó.
Ẹ̀rí méjì: ó pẹ́, ipasẹ̀ rẹ̀ sì jìn.
Ọ̀kan kò tó gbà gbọ́.

Ní ogún ìṣẹ́jú kọjá aago mẹ́ta, ọ̀kan yọ.
Wojtas dìde. Àga rẹ̀ ṣubú.
Ó pẹ́. Ó jìn.
N kò mọ ìgbà tí mo là á lẹ́nu, ní Yorùbá,
"Ẹ kú àbọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀."
Wojtas wò mí, kò béèrè.

A yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò wá láti àárín. Òkè ló ti já bọ̀,
múọ́nì kan láti ojú ọ̀run, àlejò tó ń kọjá lọ ní tirẹ̀,
tí aago wa ṣèèṣì kà mọ́ ipasẹ̀ ẹlòmíì.
Wojtas gbé àga rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ó di ọ̀la."

Ohun tí a ó kọ sínú ìwé nìyí: a kò rí i.
Bó bá wà, ó wúwo ju ibi tí ọwọ́ wa tó lọ.
A ó fa ìlà kan. Nísàlẹ̀ ìlà, ẹ má wá a níbẹ̀ mọ́.
Àwọn kan á ní ìyẹn kò tó iṣẹ́ ọdún mẹ́rin.
Bóyá. Èmi ti jókòó lóru púpọ̀ nídìí ilẹ̀kùn,
tí mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀,
mo mọ iye tí "kì í ṣe èyí" ń náni.

Mo jáde. Òtútù gbá mi létí.
Ẹfọ̀n kan ti rìn gba ẹ̀gbẹ́ wáyà lóru.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́,
mo ti ọwọ́ bọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yìnyín:
ó jìn dé ọrùn ọwọ́.